Bí kọnkéré ṣe ń dì, àti bí a ṣe ń da dẹ́kìn kó tó dì mọ́ wa lọ́wọ́

Ìgbà tí omi bá ti kan sìmẹ́ńtì ni aago ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kì í dúró dìgbà tí ẹ bá gbé kọnkéré dé orí dẹ́kìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró de bíríkìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá pákó tí yóò fi tẹ́ ẹ. Dẹ́kìn tó ń jò níbi tí iṣẹ́ àárọ̀ ti pàdé iṣẹ́ ọ̀sán, ojú ilẹ̀ tó ń bó lẹ́búlẹ́bú bí wọ́n bá ti ń gbá a, ìlà wẹ́wẹ́ tó ti sán káàkiri kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́: inú wákàtí mẹ́fà sí méje àkọ́kọ́ yẹn ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. A sì lè yẹra fún wọn láìná owó rẹpẹtẹ.

Onílé tó fẹ́ dúró ti iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, àti bíríkìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá iṣẹ́ gbà. Dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí iṣẹ́ yẹn pọ̀ débi pé aago lè bo òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀. Iye irin àti bí wọ́n ṣe máa tò ó kò sí nínú ọ̀rọ̀ mi. Ẹnjiníà yín ló ni ìyẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀

Kọnkéré kì í gbẹ kó tó le. Omi ló ń mu. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ omi kó ki dáadáa, kó rọ ọ́ sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ti mu tán, kó so ẹnu rẹ̀ pa, kó wá rì í sínú garawa omi mọ́jú. Bó bá bó ọ̀rá náà lọ́jọ́ kejì, tó sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ kan ilẹ̀, yóò gbọ́ bó ṣe ń dún ko. Omi yí i ká láti alẹ́ dé àárọ̀, síbẹ̀ ó le.

Òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n sun pọ̀ nínú iná tó tó nǹkan bí 1,450°C, ní Ewékorò, Ìbẹṣè tàbí ibòmíràn, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná kó tó wọ àpò. Ẹ̀yà mélòó kan ló wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í ṣiṣẹ́ bákan náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní alite ló ń fún kọnkéré lágbára ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: yóò yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi, yóò sì tún hù jáde ní fọ́nrán tínínrín tó ń wọnú ara wọn, tó ń di iyanrìn àti òkúta mú. Belite kì í kánjú. Ó ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Aluminate ni oníwàdùwàdù ibẹ̀. Bí wọ́n bá fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú omi, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á fi dì gbagidi nínú hẹ́ẹ̀dì páànù. Ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ fi máa ń lọ gypsum mọ́ sìmẹ́ńtì, òkúta kan náà tí wọ́n ń sun ṣe POP tí ẹ ń rí lórí àjà ilé, kó lè fà á sẹ́yìn.

Nítorí náà, bí omi bá ti dé, sìmẹ́ńtì á gbóná díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Àkókò ìdákẹ́jẹ́ yìí, tó lè jẹ́ wákàtí kan sí mẹ́ta, nìkan ni ẹ ní láti gbé e, dà á, gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tẹ́ ẹ. Tó bá ti kọjá, ooru á tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kọnkéré á bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Nígbà tó bá ti dì tán, ó ti lè gba ẹsẹ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n kò tíì lágbára. Agbára ń wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kọ tó bá dì, ẹ lè pò ó sínú omi gbígbóná kó tún di mímu. Kọnkéré tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì kì í padà. Omi tí ẹ bá bù sí i lẹ́yìn ìyẹn kàn ń já àwọn fọ́nrán tó ti so mọ́ra ni.

Láàbù máa ń fi abẹ́rẹ́ Vicat wọn ìgbà tó ń dì. Orúkọ Louis Vicat, ẹnjiníà ará Faransé, ni wọ́n fi pè é: abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó nípọn bíi mìlímítà kan, tí ìwọ̀n 300 gíráàmù tẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí abẹ́rẹ́ kò bá lè rì dé ìsàlẹ̀ mọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Nígbà tó bá kàn fi àmì sójú rẹ̀ láìwọlé, ó ti dì tán. Ìlànà EN 197-1, tí wọ́n ń lò fún sìmẹ́ńtì ní Yúróòpù, sọ pé sìmẹ́ńtì 32.5 (nọ́ńbà ara àpò ni, ẹ ó rí ìtumọ̀ rẹ̀ ní Ìgbésẹ̀ 1) kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì kó tó pé ìṣẹ́jú 75, 42.5 kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó pé 60, 52.5 kó tó pé 45. Ẹ rántí pé inú yàrá tó wà ní 20°C ni wọ́n ti wọn ìyẹn. Orí dẹ́kìn yín ní oṣù Fẹ́búárì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ 1: Sìmẹ́ńtì

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò. Ní 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, là á sílẹ̀ pé 32.5 wà fún pílásítà, 42.5 fún búlọ́ọ̀kù, pílà, bíìmù àti dẹ́kìn, 52.5 sì wà fún afárá àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn jẹ́ agbára tí àdàlù sìmẹ́ńtì náà gbọ́dọ̀ ní lọ́jọ́ 28, a sì ń fi N/mm² kà á. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e náà ṣe pàtàkì: N ni èyí tó ń lọ bó ṣe yẹ, R ni èyí tó ń tètè lágbára. Ẹ má ṣe da N àti R pọ̀ sórí dẹ́kìn kan náà lọ́jọ́ kan náà, torí apá kan lè máa dì nígbà tí èkejì ṣì rọ̀, ẹni tó ń tẹ́ ẹ kò sì ní mọ èyí tí yóò dá lóhùn.

Sìmẹ́ńtì tó ti pẹ́ nílẹ̀ ti mu omi inú afẹ́fẹ́. Ó ń pẹ́ kó tó dì, agbára rẹ̀ sì ti dín. Ẹ ti ọwọ́ bọ àpò mélòó kan. Bí ẹ bá rí kókó tí ìka lè tẹ̀ fọ́, ẹ lò ó fún iṣẹ́ tí kò ru nǹkan. Bí kókó náà bá ti le bí òkúta wẹ́wẹ́, ẹ má lò ó. Lórí pákó ni kí ẹ tò ó sí, kó jìnnà sí ògiri, kó má ga ju àpò mẹ́wàá lọ, èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó sì kọ́kọ́ jáde. Sìmẹ́ńtì tó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta nílẹ̀, èmi kì í gbé e nítòsí dẹ́kìn.

Ìgbésẹ̀ 2: Iyanrìn, omi, àti ohun tí kò yẹ kó bá wọn dé

Iyanrìn tó dúdú, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí ewé ti jẹrà sí, lè mú kí kọnkéré máa rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ohun tó ń jáde lára ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà ló ń dí sìmẹ́ńtì lọ́wọ́. Fún amọ̀ inú iyanrìn, ẹ bu iyanrìn sínú ìgò kó dé ìdajì, ẹ rọ omi sí i, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Amọ̀ á dúró lókè iyanrìn ní ìlà tirẹ̀. Bí ìlà náà bá nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá iyanrìn, ẹ dá ọkọ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Tí ṣúgà bá jẹ́ ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún sìmẹ́ńtì, ìyẹn 25 gíráàmù sí àpò kan, ó lè sún dídì síwájú ní nǹkan bí wákàtí mẹ́rin. Tó bá ti tó 100 gíráàmù sí àpò kan lọ sókè, ó lè máà dì rárá. Àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ńlá tó ń gbé kọnkéré pípò mọ èyí: bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ sójú ọ̀nà, wọ́n á da ṣúgà sínú ìlù rẹ̀ kó má baà di òkúta sí wọn nínú. Ìgò mínírà 50 cl kan ṣoṣo lè ní tó 50 gíráàmù ṣúgà nínú. Torí náà, dúróòmù tó ti gbé oyin, mínírà tàbí ọtí rí, ẹ má fi pọnmi fún iṣẹ́ yìí, ẹ má sì jẹ́ kí lébìrà máa da ìyókù mínírà sínú míkísà.

Iyọ̀ ń ṣe òdìkejì. Ó ń mú un tètè dì díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin inú rẹ̀, kò sì sí ohun tó máa dá irin jíjẹ padà. Ẹni tó ń kọ́lé sí etíkun Èkó tàbí Bàdágìrì kò gbọ́dọ̀ fi omi òkun tàbí iyanrìn òkun tí wọn kò fi omi dídùn fọ̀ da dẹ́kìn. Kẹ́míkà tó ń mú kọnkéré yára, tí wọ́n bá kọ calcium chloride sára rẹ̀, ìdájọ́ kan náà ni. Àwọn bíríkìlà kan tún máa ń da ọṣẹ ìfọṣọ sí i kó lè máa yọ̀ dáadáa. Ó ń yọ̀ lóòótọ́, torí fóòmù ti kún inú rẹ̀, bí fóòmù bá sì ti lọ, ihò ló kù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò wákàtí kí ẹ tó pe òṣìṣẹ́

Èyí ni ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Wọ́n á ṣírò àpò, wọ́n á ṣírò owó, wọ́n á gbàgbé aago.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé dẹ́kìn yín jẹ́ mítà 10 sí mítà 12, tó nípọn 150 mm. Mítà oníhà mẹ́ta 18 nìyẹn. Tí ẹ bá po ó ní 1:2:4, ìyẹn sìmẹ́ńtì kan, iyanrìn méjì, gíránáìtì mẹ́rin, mítà oníhà mẹ́ta kan ń gba àpò sìmẹ́ńtì tó lé díẹ̀ ní mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ á wá súnmọ́ àpò 115. Míkísà alápò kan tó ń yí ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún ń ṣe àpò 12 ní wákàtí kan, bí epo kò bá tán tí ẹnikẹ́ni kò sì lọ jẹun. Wákàtí mẹ́wàá ó dín díẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù kí ẹ tó da àpò ìkẹyìn.

Ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni iye ìṣẹ́jú tó máa kọjá kí kọnkéré tuntun tó pàdé èyí tí ẹ ti dà ṣáájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ń dà á ní ìlà tó fẹ̀ ní mítà kan, láti ògiri dé ògiri ní mítà 10, ìlà kan jẹ́ mítà oníhà mẹ́ta kan ààbọ̀. Àpò mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá nìyẹn, ìṣẹ́jú 47 tàbí bẹ́ẹ̀. Ìlà kejì á bá ìlà àkọ́kọ́ kó tó dì. Ṣùgbọ́n bí bíríkìlà bá ní òun fẹ́ ìlà mítà méjì torí ó rọrùn láti tẹ́, ìṣẹ́jú 95 á ti kọjá kí ẹ tó padà sí etí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lójú oòrùn wa, ó ti pẹ́ jù. Ibẹ̀ gan-an ni òjò á ti máa wọlé lọ́dún tó ń bọ̀.

Torí náà, bí dẹ́kìn bá fẹ̀ ju mítà 10 lọ, ẹ wá míkísà kejì, tàbí kí ẹ dín ìbú ìlà kù. Bó ti wù kó rí, kí míkísà tó lè rọ́pò èkíní wà nítòsí, kí fáíbùrétọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ̀n kọnkéré, sì jẹ́ méjì. Fáíbùrétọ̀ kan ṣoṣo máa ń kú ní agogo méjì ọ̀sán. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ooru àti afẹ́fẹ́

Nínú gbogbo ohun tó ń yí àkókò dídì padà, kò sí èyí tó lágbára tó ooru. Òdiwọ̀n tí àwọn oníkọnkéré ń lò ni pé bí ooru bá fi nǹkan bíi 5 sí 6°C lé sí i, àkókò dídì á dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Kọnkéré tó ń gba wákàtí mẹ́fà ní 20°C lè máà tó wákàtí mẹ́ta ní 32°C. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní London ní oṣù January ń bá òtútù jà: bí ojú ọjọ́ bá ti sún mọ́ 5°C, dídì ń falẹ̀ gidigidi, bí omi inú rẹ̀ bá sì di yìnyín kí ó tó lágbára, ó máa ń fọ́ ọ láti inú. Wọ́n ń fi aṣọ tó nípọn bò ó kó lè móoru. Àwa ń bò ó kí oòrùn má baà rí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ wọ́n omi sórí òkìtì gíránáìtì, kí ó tutù. Ẹ gbé dúróòmù omi sábẹ́ òjìji, kì í ṣe sórí ilẹ̀ gbalasa níbi tí oòrùn ti ń sè é láti àná; omi tútù ló rọrùn jù láti fi rọ ooru kọnkéré sílẹ̀. Ẹ rẹ pákó àti irin pẹ̀lú omi kí ẹ tó dà á, ṣùgbọ́n kí omi má dúró ní kòtò nínú pákó.

Ìgbà ọyẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Àárọ̀ tutù, ara àwọn òṣìṣẹ́ balẹ̀, wọ́n sì rò pé ọjọ́ dára fún iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ yẹn ló ń fa omi jáde lójú kọnkéré kí ti inú tó ráyè gòkè wá. Bí omi tó ń fẹ́ lọ bá ti sún mọ́ lítà kan lórí mítà kan níbùú-lóròó láàárín wákàtí kan, ojú rẹ̀ á fà, á sì sán nígbà tí inú ṣì rọ̀. Ìlà yẹn kì í ṣe ẹ̀bi irin, kì í sì í ṣe ẹ̀bi sìmẹ́ńtì. Ẹ ta tápólì sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ẹ sì máa fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bo ibi tí ẹ bá ti tẹ́ jọ bí ẹ ṣe ń tẹ̀ síwájú. Ẹ má dúró títí gbogbo dẹ́kìn á fi tán.

Ìgbésẹ̀ 5: Pípò

Àpò 50 kg kan jẹ́ nǹkan bí lítà 35. Fún 1:2:4, iyanrìn á jẹ́ lítà 70, gíránáìtì á jẹ́ lítà 140. Hẹ́ẹ̀dì páànù kì í dọ́gba, lébìrà kan ń kún un, èkejì ń bù ú pẹlẹbẹ, torí náà ẹ fi rọ́bà pẹ́ńtì lítà mẹ́rin wọn omi sínú èyí tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ mọ ohun tó ń gbà gan-an, kí gbogbo wọn sì máa gé ojú rẹ̀ bákan náà.

Omi: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan sí àpò kan. Ìdajì ìwọ̀n sìmẹ́ńtì nìyẹn, ó sì dára. Lítà 30 ni òpin tí mo lè gbà fún dẹ́kìn. Ìgbà tí omi bá pọ̀ jù, dídì á pẹ́, omi á jáde sójú, àyè tí omi náà fi sílẹ̀ á sì di ihò tí kò ní dí láéláé.

Ohun kan wà tó ń ba ìṣirò yìí jẹ́: iyanrìn tí òjò rọ̀ sí lánàá ti gbé omi tirẹ̀ wá. Lítà 70 iyanrìn wúwo tó nǹkan bí 110 kg. Bí omi inú rẹ̀ bá jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, lítà márùn-ún ó lé díẹ̀ ti wọ míkísà kí ẹ tó fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, lítà 20 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ bu iyanrìn sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fún un pọ̀: bó bá dúró ní ìṣù tó sì fi omi sí àtẹ́lẹwọ́ yín, kì í ṣe iyanrìn gbígbẹ.

Nígbà míì, kọnkéré á ki lójijì ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ fọwọ́ kàn án. Bí kò bá gbóná, ẹ kàn tún un yí nínú míkísà láìbu omi sí i, yóò padà rọ̀. Gypsum tó ti gbóná jù nígbà lílọ̀ ló ń fa ìyẹn. Bó bá gbóná gan-an tí kò sì rọ̀ pẹ̀lú yíyí, ẹ dà á nù, kí ẹ sì yẹ àpò tó kù wò.

Ìgbésẹ̀ 6: Dídà

Láti ìgbà tí omi ti wọ míkísà títí ẹ ó fi gbọ̀n ọ́n tán níbi tó máa wà, ẹ jẹ́ kó wà láàárín ìṣẹ́jú 45. Nígbà tí oòrùn bá mú, ìṣẹ́jú 30. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù sí àtẹ̀gùn, kí ẹ máa fà sẹ́yìn, kí lébìrà má máa rìn lórí ohun tí wọ́n ti tẹ́.

Bí nǹkan ṣe máa ń rí nìyí. Ọ̀sán ti pọ́n, páànù mẹ́ta wà nílẹ̀ tó ti pẹ́ níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún bẹ́líìtì míkísà ṣe. Lébìrà á ti ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, ṣọ́bìrì á dúró ṣinṣin. “Ọ̀gá, ó ti ń le o. Ẹ jẹ́ ká ta omi díẹ̀ sí i.” Bíríkìlà á wo onílé. Onílé á wo àpò sìmẹ́ńtì, á sì rántí iye tó rà á. Ìdáhùn tó yẹ ni pé kí wọ́n gbé páànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n fi dí kòtò ojú ọ̀nà. Owó rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó ẹni tó máa wá tún òrùlé tó ń jò ṣe, tó sì máa sọ pé kì í ṣe ibi tó ń jò nìkan ni òun máa fọ́.

Bí iṣẹ́ bá dúró tí ẹ kò sì mọ̀ bóyá etí ìlà ìṣáájú ṣì wà láàyè, ẹ tan fáíbùrétọ̀, ẹ fi orí rẹ̀ lé e láìtẹ̀ ẹ́. Bó bá fi ìwúwo ara rẹ̀ rì wọlé, tí ihò rẹ̀ sì pa dé nígbà tí ẹ fà á jáde pẹ̀lẹ́, ẹ lè da tuntun tì í kí ẹ gbọ̀n wọ́n pọ̀. Bí kò bá rì, tàbí tó rì ṣùgbọ́n tí ihò ṣí sílẹ̀, ó ti dì. Ẹ má fi agbára wọ̀ ọ́.

Níbi yẹn, ẹ gbà pé iṣẹ́ òní ti parí. Ẹ gbé pákó dúró ní òró, kó gé e tààrà, ní àárín gbùngbùn láàárín bíìmù sí bíìmù, kì í ṣe lórí bíìmù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin á la pákó náà kọjá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá padà, ẹ ha ojú rẹ̀ títí òkúta á fi yọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ta sìmẹ́ńtì pípò sí i, kí ẹ sì da kọnkéré tuntun kí ìyẹn tó gbẹ. Ìsopọ̀ tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe sàn ju èyí tó ṣèèṣì wáyé lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ìgbésẹ̀ 7: Títẹ́

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi pákó gígùn gé ojú rẹ̀ tẹ́jú, omi á gòkè wá sójú. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fi tírówẹ̀lì dán an nígbà tí omi wà lójú ń po omi yẹn padà sínú awọ òkè, awọ náà ló sì máa bó lẹ́búlẹ́bú. Fífọ́n sìmẹ́ńtì gbígbẹ sí i kó lè fa omi mu burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ dúró títí ojú rẹ̀ á fi pàdánù dídán. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́ ọn: bí àmì bàtà bá jìn tó nǹkan bíi 6 mm, àsìkò pákó títẹ́ ti tó. Tírówẹ̀lì ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi àmì sílẹ̀ mọ́. Apá ibi tí oòrùn wà á ṣáájú apá ibi tí òjìji wà, torí náà ẹ máa tẹ̀ lé kọnkéré, kì í ṣe aago ọwọ́ yín.

Òjò tó bá dé kó tó dì tán ni ọ̀tá. Ẹ bò ó kíá. Èyí tó bá rọ̀ lẹ́yìn tó ti dì tán ń bá yín ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Omi lẹ́yìn dídì

Nígbà tí omi tí ẹ rọra wọ́n sí i kò bá fọ nǹkan kan kúrò lójú rẹ̀ mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ tẹ́ àpò ìdọ̀họ sí i, kí ó máa tutù tọ̀sán-tòru, tàbí kí ẹ fi iyanrìn ṣe òkè kékeré yí etí rẹ̀ ká, kí omi dúró lójú rẹ̀. Wíwọ́n omi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ kí oòrùn wá fà á gbẹ láàárín rẹ̀ kò tó. Ọjọ́ méje ni ó kéré jù. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣe é di 14. Lọ́jọ́ keje, kọnkéré tó ń rí omi mu dáadáa ti ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tó máa ní lọ́jọ́ 28. Èyí tí wọ́n jẹ́ kó gbẹ lọ́jọ́ kejì ti dẹ́kun iṣẹ́, torí kò rí omi mu mọ́.

Ìgbésẹ̀ 9: Pákó àti ọparun

Ìlànà BS 8110 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà wa fi kẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́hùn-ún ní 2010, gbà fún títú pákó ẹ̀gbẹ́ bíìmù lẹ́yìn wákàtí 12, pákó abẹ́ dẹ́kìn lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin bí ìdúró (ọparun tó gbé e ró) bá ṣì wà, ìdúró abẹ́ dẹ́kìn lẹ́yìn ọjọ́ 10, ti abẹ́ bíìmù lẹ́yìn 14, tí ooru bá ti tó 16°C lọ sókè. Ẹni tó ti wọn gbogbo nǹkan tó sì mọ agbára kọnkéré rẹ̀ ni wọ́n kọ ìyẹn fún. Fún kọnkéré tí wọ́n fi páànù wọ̀n lójú iṣẹ́, mo máa ń sọ pé 14 fún dẹ́kìn, 21 fún bíìmù àti fún ibi tó yọ síta láìní pílà nísàlẹ̀, bíi bálíkónì.

Bíríkìlà kan lè fẹ́ gbé búlọ́ọ̀kù gun dẹ́kìn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì torí kò fẹ́ kí lébìrà jókòó lásán. Ẹ má gbà. Bí ọjọ́ títú bá dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí ìhà bíìmù. Ní bálíkónì, ibi tó yọ síta jù ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ wá sí ìdí rẹ̀, ọparun kan lẹ́yìn òmíràn, láìfi òòlù lù ú ṣubú.